Yàrá Mẹ́jọ Inú Àpótí Baba Káàdì

Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni Baba Káàdì fi tọ́jú fáìlì àwọn aláìsàn nílé ìwòsàn ńlá. Orúkọ tí wọ́n fi ń pè é kò ṣẹ̀yìn òfin kan tó gbé kalẹ̀ níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá mú fáìlì kúrò lórí pẹpẹ, ì báà jẹ́ ọ̀gá dókítà, gbọ́dọ̀ fi káàdì pupa kan sí àyè rẹ̀, kó kọ orúkọ rẹ̀ sí i, ọjọ́, aago àti ìdí. Láràárọ̀, kó tó fi omi kan ẹnu, Baba Káàdì á ka gbogbo káàdì tó wà lórí pẹpẹ tán. Àwọn nọ́ọ̀sì máa ń sọ pé bí ikú bá fẹ́ mú Baba Káàdì lọ, á kọ́kọ́ buwọ́ lu káàdì.

Ìyàwó rẹ̀ ni ikú kọ́kọ́ mú, ikú ò sì buwọ́ lu nǹkan kan.

Oṣù mẹ́rin ni àìsàn náà fi mú un mọ́lẹ̀. Láàárín oṣù mẹ́rin yẹn, ó ń fi fóònù gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, nígbàkígbà tí èémí bá gbà á láyè. Ọ̀rọ̀ mẹ́jọ ló gbà: ọ̀kan fún ọkọ rẹ̀, ọ̀kan fún àkọ́bí wọn obìnrin, ọ̀kan fún ọmọkùnrin wọn tó wà lókè òkun, ọ̀kan fún àbúrò rẹ̀, mẹ́rin fún àwọn ọmọ-ọmọ. Nígbà tó parí, ó pe ọkọ rẹ̀ sétí bẹ́ẹ̀dì.

"Bàbá àwọn ọmọ, kálukú ló ni tiẹ̀. Ẹnì kan ò gbọdọ̀ gbọ́ ti ẹnì kejì. Ẹ̀yin náà ò gbọdọ̀ gbọ́ ju tiyín lọ."

"Èmi lò ń kìlọ̀ fún? Ká tó bí àkọ́bí wa ni mo ti ń gbé àṣírí ìdajì ìlú yìí kiri nínú ikùn."

"Mo mọ̀," ni ìyàwó rẹ̀ wí. "Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ̀ yín."

Ibi tí ohùn náà máa wà ló wá di ọ̀rọ̀. Wọ́n sọ fún un pé àwọn ilé iṣẹ́ kan wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tó ń bá èèyàn tọ́jú nǹkan. Ó béèrè pé ta ló ń ṣọ́ pẹpẹ níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Ó ní òun ò kó fáìlì lé ẹni tí òun ò mọ ojú rẹ̀ lọ́wọ́ rí, òun ò sì ní í bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí òun ti fẹ̀yìn tì. Inú ilé òun ni ohùn ìyàwó òun máa wà. Kí ọmọ òun tó wà lókè òkun ṣáà lè dé ibẹ̀ láti ibi tó wà, kí ẹlòmíì má sì bá a wọlé.

Ọkọ àkọ́bí rẹ̀ ló mọ iṣẹ́ náà. Kó máa so kọ̀ǹpútà àwọn ilé iṣẹ́ pọ̀ ni iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀. Onímọ̀ ni gbogbo ẹbí ń pè é, àwọn kan tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, àwọn kan nítorí pé kò mọ ìgbà tó yẹ kóun dákẹ́. Ó gbé àpótí dúdú kan wá tí kò tóbi ju bíríkì méjì tí a tò léra lọ. Dísìkì méjì wà nínú rẹ̀, fáànù kékeré kan sì ń kùn lẹ́yìn rẹ̀ bí eṣinṣin tó há sínú ìgò. Wọ́n gbé e sábẹ́ tábìlì ní igun pálọ̀, wọ́n fi wáyà so ó mọ́ ẹ̀rọ tó ń gba íńtánẹ́ẹ̀tì wọlé.

"Bàbá, ẹ wò ó bí ilé oníyàrá mẹ́jọ," ni Onímọ̀ wí. "Yàrá kọ̀ọ̀kan ní kọ́kọ́rọ́ tiẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ náà pín sí méjì. Àkọ́kọ́ ni ọ̀rọ̀ gígùn kan tí onítọ̀hún nìkan mọ̀. Ìkejì ni nọ́ḿbà mẹ́fà tí fóònù onítọ̀hún máa ń mú jáde, tó sì ń yí padà kí ojú tó ṣẹ́. Ẹni tó bá jí ọ̀kan láìní èkejì, ìta ni á sùn."

"Ẹni tó wà lókè òkun ńkọ́?"

"Mo ti la ọ̀nà abẹ́lẹ̀ kan fún un láti orí fóònù rẹ̀ wá sínú àpótí yìí. Ẹni tó bá dúró lójú títì ò lè rí ẹni tó ń gba abẹ́ ilẹ̀ kọjá. Gbogbo ilẹ̀kùn yòókù tó dojú kọ ìta ni mo ti tì."

Dísìkì kìíní ni àwọn ohùn náà máa wà, èkejì á sì máa da gbogbo rẹ̀ kọ. Onímọ̀ fẹ́ kó máa dà á kọ lójú ẹsẹ̀. Baba Káàdì kọ̀. Ó ní ohun tí ilé ìwòsàn kọ́ òun ni pé àṣìṣe téèyàn bá dà kọ lójú ẹsẹ̀ ti di àṣìṣe méjì. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni kó máa dà á kọ, lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú.

"Káàdì ńkọ́?" ló wá béèrè.

Onímọ̀ rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀rọ yìí ní káàdì tiẹ̀, Bàbá. Á máa kọ orúkọ kọ́kọ́rọ́ tó wọlé sílẹ̀, yàrá tó wọ̀, aago tó wọlé àti aago tó jáde. Àmọ́ kò sẹ́ni tó ń ka ìyẹn."

"Èmi á máa kà á."

Kọ́kọ́rọ́ kẹsàn-án kan wà tó ń jẹ́ Olùtọ́jú, òun ni Onímọ̀ fi kọ́ gbogbo ilé náà. Ó lè ṣí yàrá mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Onímọ̀ ní bí òun bá ti ń parí, òun á pa á rẹ́. Ó parí, ó fọ ọwọ́, ó jẹun, ó ní òun ti pa á rẹ́. Baba Káàdì gbà á gbọ́. Ẹni téèyàn fi ọmọ rẹ̀ fún, kí ló tún kù téèyàn á fi dù ú?

Ọ̀rọ̀ ọmọkùnrin yẹn ló wúwo jù lára mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Ní ọdún mọ́kànlélógún sẹ́yìn, nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́rìndínlógún, òun ló máa ń gbé oúnjẹ ọ̀sán lọ fún bàbá rẹ̀ ní yàrá fáìlì. Lóṣù kan báyìí, ọ̀rọ̀ inú fáìlì tíṣà obìnrin kan tó ń gbé ládùúgbò wọn jáde síta. Fáìlì náà sọ pé tíṣà yìí ti lo oṣù mẹ́ta rí ní wọ́ọ̀dù àwọn tí ọpọlọ wọn ń dà láàmú. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, àwọn òbí ti kó ọmọ wọn kúrò ní kíláàsì rẹ̀. Kí oṣù tó parí, ó ti kó ẹrù rẹ̀. Ilé ìwòsàn kọ ìwé sí Baba Káàdì, wọ́n sì fi ọdún mẹ́jọ fo orúkọ rẹ̀ nígbàkígbà tí wọ́n bá ń fi èèyàn jẹ ọ̀gá. Ẹnì kan ti ṣí fáìlì náà láìfi káàdì sílẹ̀, lọ́jọ́ tí Baba Káàdì lọ sípàdé tó sì padà bá oúnjẹ lórí tábìlì.

"Èmi kọ́ ni mo gbé oúnjẹ wá lọ́jọ́ yẹn," ni ọmọ náà wí. "Ẹ bi Màmá."

Ó bi Màmá. Aṣọ ni ìyá ń ká. Kò gbójú sókè. "Òun ni mo gbé e lé lọ́wọ́," ló wí.

Ó tó bẹ́ẹ̀. Baba Káàdì ò na ọmọ náà. Ohun tó ṣe burú ju ẹgba lọ. Bó bá wà nínú yàrá tí ọmọ náà bá wọlé, á dìde, á ti dúrọ́ọ̀ tábìlì rẹ̀, á fi kọ́kọ́rọ́ sápò, á sì padà jókòó. Ọdún méjì gbáko ló fi ṣe èyí. Nígbà tọ́mọ náà pé ọdún méjìdínlógún, ó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀, kò sì sùn nínú ilé náà mọ́ láéláé. Òtẹ́ẹ̀lì ló sùn nígbà tó wá sin ìyá rẹ̀.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Baba Káàdì fi kọ́kọ́rọ́ ránṣẹ́ sí i, ìdajì nínú lẹ́tà, ìdajì lórí fóònù, kí wọ́n má bàa jí méjèèjì pọ̀ lọ́nà. Oṣù méje kọjá, ọmọ náà ò ṣílẹ̀kùn. Ó wá di ọjọ́ Àìkú kan, ó pe bàbá rẹ̀.

"Sátidé tó ń bọ̀, màá gbọ́ ohun tí Màmá sọ," ló wí. "Mo kàn ní kí n fi tó yín létí."

Nígbà tí àkọ́bí pè nírọ̀lẹ́ láti kí i, bó ti máa ń ṣe, kò lè pa á mọ́ra. "Àbúrò rẹ gbà o. Ó ní Sátidé."

"Ẹ ṣé, Bàbá," ló wí. "Ó dáa bẹ́ẹ̀."

Láàárọ̀ Ọjọ́rú, Baba Káàdì jókòó síwájú kọ̀ǹpútà rẹ̀ láti ka káàdì. Ìlà kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Kọ́kọ́rọ́: Olùtọ́jú. Yàrá: ti ọmọ tó wà lókè òkun. Ó wọlé ní aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ó jáde lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú. Ohun tó ṣe kẹ́yìn kó tó jáde: ó pa nǹkan rẹ́.

Baba Káàdì kúnlẹ̀ sábẹ́ tábìlì, ó sì yọ dísìkì kejì jáde kúrò nínú àpótí. Lọ́sàn-án Àìkú, dísìkì yẹn ì bá da òfìfo kọ lé ohùn náà lórí, ohun tó ṣẹ́ kù ì bá sì bá a lọ. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ló tó ronú kan ohun tó wà níwájú rẹ̀. Bí ọmọ náà bá ṣílẹ̀kùn ní Sátidé tó bá yàrá rẹ̀ lófìfo, kò sẹ́lòmíì tó máa dá lẹ́bi. Bàbá tó ń ti dúrọ́ọ̀ mọ́ ọn ni.

Ó pe Onímọ̀. Onímọ̀ dé, kò jókòó dáadáa.

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹ̀rọ ló ṣe é. Àwọn ẹ̀rọ yìí, nígbà míì, orí wọn máa ń dàrú."

"Ẹ̀rọ tí orí rẹ̀ dàrú kì í jókòó fún ogún ìṣẹ́jú gbọ́ ọ̀rọ̀ tán kó tó pa á rẹ́. Ọ̀rọ̀ náà ò ju ìṣẹ́jú mọ́kàndínlógún lọ. Ìwọ ni àbí ìyàwó rẹ ni?"

Onímọ̀ wo fáànù tó ń kùn lábẹ́ tábìlì. "Kò sẹ́ni tó ń kọ́ ilé tí kì í fi kọ́kọ́rọ́ kan sọ́wọ́, Bàbá. Bí nǹkan bá bàjẹ́ ńkọ́?"

"O ní o ti pa á rẹ́."

"Ó ní kí n fún òun. Ìyàwó mi ni. Ọmọ yín náà sì ni. N ò mọ̀ pé ó máa..."

"O mọ̀ pé ó máa ṣílẹ̀kùn. Kí lèèyàn ń fi kọ́kọ́rọ́ ṣe?"

Onímọ̀ tó máa ń sọ̀rọ̀ láìmọ ìgbà tó yẹ kóun dákẹ́ wá mọ ọ́n lọ́jọ́ náà.

Ilé ìwòsàn tí Baba Káàdì ti fẹ̀yìn tì ni àkọ́bí rẹ̀ ti ń ṣe nọ́ọ̀sì àgbà. Ó bá a nínú yàrá kékeré tí wọ́n ń kó aṣọ bẹ́ẹ̀dì sí, tó ń tò wọ́n sórí pẹpẹ, funfun lápá kan, búlúù lápá kejì. Òórùn ọṣẹ àti aṣọ gbígbóná kún ibẹ̀.

"Bàbá. Ẹ jókòó."

"Mo wà lórí ìdúró. Ṣé o gbọ́ ti àbúrò rẹ?"

"Ìyá tèmi náà ni."

"N ò bi ọ́ pé ìyá ta ni."

Ó ká aṣọ kan, ó tò ó. "Mo gbọ́ ọ."

"Ti àwọn tó kù ńkọ́?"

"Gbogbo rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tí a sìnkú ni mo gbọ́ gbogbo rẹ̀, ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo tí ẹ ò ka káàdì. Tiyín ni mo kọ́kọ́ gbọ́."

"Kí lò ń wá nínú tèmi?"

Nọ́ọ̀sì kékeré kan ń kọjá lọ, ó yọjú. "Ẹ káàsán, Baba Káàdì. Ṣé ẹ wá fún wa ní káàdì ni?"

"Káàsán, ọmọ mi. Ẹ ò tíì yẹ fún un."

Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín lọ. Àkọ́bí dúró títí bàtà rẹ̀ ò fi dún mọ́.

"O gbọ́ ọ láti oṣù méje, o ò pa á rẹ́," ni bàbá wí. "Àfìgbà tó ní òun fẹ́ gbọ́."

"Mo rò pé kò ní í gbọ́ ọ láéláé. Ẹ mọ orí kunkun rẹ̀. Bàbá, ẹ mọ bí oògùn yẹn ṣe ń ṣe Màmá nígbà tó kù díẹ̀. Wọ́n sọ ohun tí kò yẹ ní sísọ. Ta ló máa ṣe láǹfààní báyìí? Mo ní ọmọ mẹ́rin. Ọdún tó ń bọ̀, wọ́n fẹ́ fi mí jẹ olórí gbogbo nọ́ọ̀sì níbí."

"Kí lọ̀rọ̀ tí ìyá bá ọmọ rẹ̀ sọ ṣe kan olórí nọ́ọ̀sì?"

Ó tún mú aṣọ kan, funfun ni, ó tò ó sápá ibi tí búlúù wà. "Ó ti lọ, Bàbá. Kò sí nínú àpótí mọ́. Ẹ bínú sí mi bó bá ṣe wù yín."

Baba Káàdì ò sọ fún un pé dísìkì kejì wà nínú àpò kóòtù òun níbi tóun dúró sí. Ó ní ó dàbọ̀. Ó rìn gba ẹnu ọ̀nà yàrá fáìlì kọjá, kò wò ó.

Ọjọ́ kejì ló fi ṣe iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Ó ti wo ọwọ́ Onímọ̀ dáadáa nígbà tó ń kọ́ ọ. Ó kọ́kọ́ pa kọ́kọ́rọ́ Olùtọ́jú rẹ́. Ó ṣe òmíràn tó jẹ́ pé òun nìkan ló mọ̀ ọ́n. Ó ti ọ̀nà tí Onímọ̀ máa ń gbà wọlé láti ilé rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló dá dísìkì kejì padà, tó sì da ohùn náà kọ padà sí yàrá tó ti kúrò. Orúkọ ọmọ náà wà lójú kọ̀ǹpútà, ìṣẹ́jú mọ́kàndínlógún wà níwájú rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń fi sétí gbọ́ ọ̀rọ̀ wà lórí tábìlì, kò jìn sí ọwọ́ rẹ̀ tó ìgbọ̀nwọ́ kan. Ilé dákẹ́. Kò sí káàdì tó máa tú òun fó, torí òun nìkan ló ń kà á.

Kò gbọ́ ọ. Kí ẹnikẹ́ni má sì tìtorí èyí pè é ní olóòótọ́. Ìgbà tí ọmọ rẹ̀ ní kó wádìí ọ̀rọ̀, kò wádìí dópin. Ìgbà tí wọ́n ní kó má ṣe wádìí ló wá ń ṣe onígbọràn.

Lọ́sàn-án Àbámẹ́ta, fóònù dún.

"Mo ti gbọ́ ọ," ni ọmọ náà wí.

"O ṣeun. O ṣeun, ọmọ mi."

"Ṣé ẹ̀yin gbọ́ ọ?"

"Tìrẹ ni. Mo ṣèlérí."

"Mo kọ díẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, màá kà á fún yín. Wọ́n ní: 'Ìwọ kọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ ni mo gbé oúnjẹ lé lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà. Òun ló ka fáìlì yẹn tó sọ ọ́ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ọjọ́ kejì ló ti jẹ́wọ́ fún mi. Oṣù tó tẹ̀ lé e ló fẹ́ wọ ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì nílé ìwòsàn yẹn kan náà, bí wọ́n bá sì gbọ́, wọn ò ní í gbà á. Mo wo ẹ̀yin méjèèjì. Mo ní ìwọ lọkùnrin, wàá lè rù ú.' Ohun tí wọ́n sọ nìyẹn. Èyí tó kù, ẹkún ni."

Ìṣẹ́jú méjìlélógún ni ohùn tí ìyàwó rẹ̀ fi sílẹ̀ fún Baba Káàdì. Ó ti gbọ́ ọ ju ìgbà ogún lọ. Obìnrin náà sọ ibi tí ìwé ilẹ̀ wà fún un, ó rán an létí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, ó ní kó má ṣe máa fi bàtà ìta wọ yàrá. Ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé nínú ọdún méjìlélógójì táwọn fi wà pọ̀, kò bi òun ní ohun kan lẹ́ẹ̀mejì rí. Oríyìn ni Baba Káàdì pè é. Ó ti fi í yangàn fún àwọn tó wá kí i. Nínú ìṣẹ́jú méjìlélógún, kò rí ìṣẹ́jú kan ṣoṣo tó fi sọ fún un pé ọmọ rẹ̀ ò ṣẹ̀ ẹ́.

"Ọmọ mi," ló wí, "mo ṣẹ̀ ọ́."

"Ẹ ṣẹ̀ mí. Màmá náà ṣẹ̀ mí, àmọ́ wọ́n ti kú. Ẹ̀gbọ́n mi ṣẹ̀ mí, àmọ́ ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni, ẹ̀rù ló bà á. Ẹ̀yin ni mo sọ fún pé èmi kọ́. Ẹnu mi ló yẹ kẹ́ ẹ ti gbọ́ ọ."

"Ṣé wàá wá sílé? Kí a jọ..."

"Kí n wá ṣe kí ni?"

Baba Káàdì fa àga rẹ̀ sún mọ́ tábìlì.

"Ẹ bá mi ṣe nǹkan kan," ni ọmọ náà wí. "Ẹ pa yàrá mi rẹ́ nínú àpótí yín. Mo ti mú ohun tí mo ní níbẹ̀. N ò fẹ́ ní àyè kankan nínú ilé yẹn mọ́, ì báà ṣe inú ẹ̀rọ."

"Jẹ́ kó wà. Bó o bá tún fẹ́..."

"Mò ń wò ó láti ibí. Ẹ ṣe é kí n rí i."

Baba Káàdì gbé fóònù lélẹ̀ lórí tábìlì, kò pa á. Ó ṣí àpótí náà lójú kọ̀ǹpútà. Yàrá mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ tò sílẹ̀, ọ̀kan lábẹ́ èkejì, orúkọ ọmọ rẹ̀ ló ṣe ìkẹta. Ó yàn án. Ẹ̀rọ bi í pé ṣé ó dá a lójú. Ó tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀rọ bi í lẹ́ẹ̀kejì, ó ní ohun tó bá ti lọ kò ní í padà, kó tún tẹ ọ̀rọ̀ gígùn náà. Ìka rẹ̀ ṣìnà lẹ́ẹ̀mejì kó tó tẹ̀ ẹ́ tán.

"Mo rí i," ni ohùn ọmọ náà wí látorí tábìlì. Ìlà fóònù sì já.

Lójú kọ̀ǹpútà, àwọn yàrá tó wà nísàlẹ̀ sún sókè, wọ́n dí àyè náà, bí ẹni pé méje ni wọ́n látìgbà tí wọ́n ti kọ́ wọn.